Jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ epo: ṣé kí n san àsansílẹ̀ ni?

ÌyáẸlẹ́ja (Mushin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹja tútù ni mo ń tà ní Ojúwòyè, fírísà méjì ni mo ní, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Owó epo ti fẹ́ ju èrè orí ẹja lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ń ṣe jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ epo rárá. Mo ní irú rẹ̀ ò sí, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i. Mo lọ o.

Ohun tí mo rí rèé: bátìrì ńlá kan wà nísàlẹ̀. Ó fi wáyà so ó mọ́ mọ́tọ̀ iná kan tó ń yí. Mọ́tọ̀ yẹn fi bẹ́ẹ̀tì yí nǹkan roboto kan, ara nǹkan roboto yẹn ni iná ti ń jáde. Ó tún fa díẹ̀ nínú iná tó jáde padà sí ṣájà, ṣájà ń ṣáájì bátìrì. Ó ní bí yóò ṣe máa lọ nìyẹn, pé bátìrì ò ní kú láé torí ó ń ṣáájì ara rẹ̀. Ó tan gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n kékeré. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ níṣojú mi, kò sí èéfín, ariwo ẹ̀ ò sì pọ̀.

₦850,000 ló pè é, kí n san ìdajì sílẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní irọ́ ni, pé wọ́n kọ́ àwọn níléèwé pé kò sẹ́ni tó lè fa agbára yọ látinú òfo. Bàbá ẹ̀ ní àwọn òyìnbó ni ò fẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé.

Kọ́ńdọ́_Òṣòdì

Ìyá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ sá.

Ríwáyà_Ládípọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní Ládípọ̀. Nǹkan roboto tẹ́ ẹ rí yẹn, altanétọ̀ ni tàbí ìbátan ẹ̀, òun ni mo sì ń tú tí mo ń dì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fọwọ́ mọ̀. Bí altanétọ̀ bá wà lórí tábìlì tí wọn ò so nǹkan kan mọ́ ọn, ìka kan lẹ máa fi yí púlì ẹ̀, á máa ṣeré lọ. Ẹ wá so gílóòbù iwájú mọ́tò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fún un níná díẹ̀ látinú bátìrì kó fi jí, kẹ́ ẹ tún yí i. Á le mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹni ń ro àmàlà tó ti dì. Gílóòbù yẹn ló le bẹ́ẹ̀. Ẹ já wáyà gílóòbù, púlì á tún fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ní mọ́tò lè dán an wò nílé. Kí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́, kó tan iná iwájú àti AC lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì á ṣe wálẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbé e. Epo tuntun ló ń dà sí i nígbà yẹn. Kò síná ọ̀fẹ́ lára altanétọ̀.

Ìbéèrè tèmi ni pé, àwọn gílóòbù mẹ́rin yẹn, ṣé LED ni? Tó bá jẹ́ LED, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ju wáàtì 20 lọ. Ẹ fi fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kékeré kún un, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 120 lọ. Bátìrì tó bá kún lásán á gbé ìyẹn fún wákàtí mélòó kan kó tó sú u. Ẹ ní kó gbé fírísà.

Dẹ́lé_Agége

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé kò ṣeé ṣe, ẹ ò tíì rí i rí ni. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Ìpájà ní ọ̀kan, ó máa ń fi wo bọ́ọ̀lù mọ́jú. Tiẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì ńláńlá lára. Mágínẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé ẹ rí i kó tán rí? Odidi ọdún lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríjì, kò ní jábọ́. Níbo ni agbára yẹn ti ń wá? Wọ́n sọ fún àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú náà pé kò lè fò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa jẹun.

Tíṣà_Yábàá

Ẹ kú àtàárọ̀, gbogbo ilé. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, inú mi sì dùn sí ọmọ Ìyá yìí, torí ó gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi yúnìtì ṣírò ẹ̀, torí yúnìtì ni gbogbo wa ń rà sí mítà. Nǹkan tó bá ń jẹ wáàtì 1,000, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ló jẹ. Bátìrì 12V, 100Ah, tó bá kún dẹ́nu, yúnìtì 1.2 ló wà nínú ẹ̀. Kẹ́míkà ló gbé agbára yẹn pa mọ́. Mọ́tọ̀ máa sọ ọ́ di yíyí, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tọ̀ tí kì í gbóná. Ká ní ojúlówó ni, ìdá 80 nínú 100 ló máa di yíyí, ìyókù di ooru àti ariwo. Altanétọ̀ náà mú ìdá 80 nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó sọ ọ́ di iná. Ṣájà mú ìdá 85 nínú ìyẹn. Ẹ sọ wọ́n dipúpọ̀: 0.8 × 0.8 × 0.85, ó jẹ́ 0.54. Yúnìtì kan tó bá jáde nínú bátìrì, díẹ̀ lé ní ìdajì ló máa padà wọlé, ìyẹn tẹ́ ò bá tan gílóòbù kankan rárá. Ṣájà tó ní ó ń dá bátìrì sí gan-an ló ń pa á. Tó bá gé wáyà ṣájà yẹn dànù, bátìrì á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá gbé mọ́tọ̀ àti altanétọ̀ kúrò tó fi ínfátà lásán sí i, á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbára kì í ti òfo wá, kì í sì í dòfo. Ó kàn ń pa awọ dà ni. Gáàsì tí wọ́n ń sun ní Ẹ̀gbin níbí, ní ìhà Ìkòròdú, á di ooru, ooru á sọ omi di èéfín omi gbígbóná, èéfín omi yẹn á yí abẹ̀bẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní tábáìnì, tábáìnì á yí jẹnẹrétọ̀. Mẹgawáàtì 1,320 ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ yẹn láti máa pèsè. Pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, ó lé ní ìdajì agbára inú gáàsì yẹn tó ń bá omi ọ̀sà àti èéfín lọ gẹ́gẹ́ bí ooru. Ní Kàǹjì, omi tó wà lókè ló ń já bọ́, tí ìjábọ́ ẹ̀ ń di iná. Ibi gbogbo ni nǹkan kan ti ń dínkù kí nǹkan mìíràn tó pọ̀ sí i.

Kì í ṣe àná ni wọ́n mọ èyí o. Mayer, dókítà ará Jámánì, gbé e jáde lọ́dún 1842, lẹ́yìn tó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílẹ̀ olóoru, tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àwọn atukọ̀ pupa ju ti ilé lọ, torí ara wọn ò jó oúnjẹ púpọ̀ kó tó gbóná. Ní 1845, Joule, ọmọ apọntí ní England, so ẹrù tó ń wálẹ̀ mọ́ àjẹ̀ tó ń ro omi, ó sì wọn bí omi náà ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Ẹrù kan náà, ìwọ̀n ooru kan náà. Helmholtz kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ní 1847. Kódà kí wọ́n tó bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ti kéde ní 1775 pé àwọn ò ní yẹ irú ẹ̀rọ ayíláéláé bẹ́ẹ̀ wò mọ́, ó ti sú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Dẹ́lé, ọkọ̀ òfuurufú ń mu epo, ó sì ń mu ún gan-an. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe epo. Dídúró lára fíríjì kì í ṣe iṣẹ́, òkúta tó wà nílẹ̀ náà kò jábọ́. Bí irin bá fò lọ lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, agbára díẹ̀ jáde níbẹ̀. Iye tó jáde yẹn gan-an lẹ máa ná kẹ́ ẹ tó lè fà á kúrò kó tún lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí èrè.

Fún ẹ̀rín: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Redheffer gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní Philadelphia ní 1812, àwọn èèyàn ń sanwó wò ó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé e lọ sí New York. Fulton, ẹni tó ṣe ọkọ̀ ojú omi alóoru, wá wò ó, ó sì gbọ́ pé yíyí ẹ̀ ò dọ́gba, ó ń yára, ó ń falẹ̀. Ó já pákó ògiri. Okùn tín-ínrín kan ló bá níbẹ̀, ó tọ̀ ọ́ lọ sí yàrá òkè, bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tó ń fọwọ́ kan yí i, tó ń fọwọ́ kejì jẹ búrẹ́dì.

Kọ́ńdọ́_Òṣòdì

😂😂 Bàbá tó ń jẹ búrẹ́dì! Ìyá, ẹ bá wa yẹ ẹ̀yìn ògiri ọmọ yẹn wò.

Ẹ́ńjíníà_Ìkẹjà

Tíṣà ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣàánú wọn jù. Bátìrì olómi 100Ah, èèyàn kì í lò ó tán. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kó tó kú pátápátá. Yúnìtì 0.6 ni kẹ́ ẹ máa fọkàn sí, kì í ṣe 1.2. Mọ́tọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń kó láti oríta yẹn náà, ìdá 80 ti pọ̀ jù fún un. Fírísà kan lè jẹ yúnìtì kan sí méjì lójúmọ́, bó bá ṣe tóbi tó àti bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i tó. Ìyá ní méjì. Kò tiẹ̀ dé òru àkọ́kọ́.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bi yín: báwo ni jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń lò báyìí ṣe tóbi tó? Lítà epo kan ní nǹkan bí yúnìtì mẹ́sàn-án nínú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fún yín ju ẹyọ kan sí méjì lọ nínú ẹ̀. Àwọn tó kù ni ooru tó ń jó yín lẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà. Tẹ́ ẹ bá wá ń fi 5kVA gbé fírísà méjì péré, ó tún burú sí i, torí ẹ́ńjìnnì ń jó epo láti yí ara ẹ̀ kó tó kan ti fírísà. I-pass-my-neighbour náà ò dáa fún un. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ máa ń fa iná ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, kò ní lè jí i. 2.5kVA ló bá yín mu, kẹ́ ẹ sì má tan fírísà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

AC_Ìdúmọ̀tà

Ẹ dúró ná, Tíṣà. Mo ń ta AC, mo sì ń kàn án. AC 1 horse ń jẹ nǹkan bí wáàtì 900. Ara páálí ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń kó ooru 9,000 BTU lọ ní wákàtí kan. Mo ti ṣírò ẹ̀, ìyẹn jẹ́ wáàtì 2,600. Wáàtì 900 wọlé, 2,600 jáde. Ṣé ìyẹn ò ju ìdá 100 lọ? Àbí irọ́ làwọn tó ṣe AC náà ń pa?

Dẹ́lé_Agége

Ó dáa! Ẹ jẹ́ ó dáhùn.

Tíṣà_Yábàá

Wọn ò purọ́. AC ò ṣe òtútù, ẹrù ló ń rù. Wáàtì 2,600 yẹn ni ooru tó ti wà nínú yàrá yín tẹ́lẹ̀. Ó ń kó o síta, wáàtì 900 ni owó alábàárù. Ẹ gbọ́wọ́ sí ẹ̀yìn èyí tó wà níta: 2,600 àti 900, nǹkan bí wáàtì 3,500 ló ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Ìṣirò dọ́gba. Ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé apá ìta sínú yàrá kan náà, yàrá yẹn á gbóná ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà ni fírísà: ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀ nínú yàrá tó tì pa, tó ní òun fẹ́ gbatẹ́gùn, òógùn ló máa là.

AC_Ìdúmọ̀tà

Mo gbà. Àwọn kọ́sítọ́mà mi kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé apá ìta sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ò dé, wọ́n á wá ní AC ò tutù. Ìyá, ibi tí fírísà yín wà ńkọ́? Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fà á síwájú kí ọwọ́ lè wọ ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbá eruku àti ìpẹ́ ẹja ara irin ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò. Ooru tí kò rọ́nà jáde, iná lẹ fi ń san án.

Màmá_Oníyìnyín (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ọmọ mi, gbogbo ìwé yìí dáa, àmọ́ ẹ gbọ́ ti àgbà. Kí n tó ní ínfátà ni mo ti ń ta yìnyín. Ẹ má gbé bátìrì, ẹ gbé omi. Gbogbo àyè tó bá ṣófo nínú fírísà yín, ẹ fi ike omi dí i, kẹ́ ẹ má kún un dẹ́nu kó má baà bẹ́. Tí Nẹ́pà bá gbé iná wá, ẹ jẹ́ kó dì. Tí wọ́n bá mú un lọ, ẹ má ṣí i. Fírísà tó kún fọ́fọ́ tí wọn ò ṣí lè di yìnyín mú fún ọjọ́ méjì. Èyí tó ṣófo ò ní ju òru kan lọ. Ẹja tẹ́ ẹ máa tà láàárọ̀, inú kúlà ni kẹ́ ẹ kó o sí kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ni kẹ́ni má wá sọ pé “ẹ jẹ́ kí n wo títù tó wà nísàlẹ̀.”

Ẹ́ńjíníà_Ìkẹjà

Màmá, ọ̀rọ̀ yín ló bọ́gbọ́n mu jù níbí. Kílò yìnyín kan á gba kílójúùlù 334 mọ́ra kó tó yọ́ tán. Kílò mọ́kànlá, yúnìtì kan ooru nìyẹn, kò sì jẹ́ ₦850,000.

Àtúnṣe kan ni mo ní. Omi lásán ń dì ní ìwọ̀n òdo (0°C), ẹja sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ kó tó dé òdo, ní nǹkan bí ìwọ̀n 1 tàbí 2 sísàlẹ̀. Nígbà tí yìnyín yín bá ń yọ́, ẹja ti rọ̀. Ẹ fi iyọ̀ sí omi yẹn: gíráàmù 100 sí lítà kan. Ìyẹn ò ní dì títí yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 6 sísàlẹ̀ òdo, torí náà ibẹ̀ náà ni yóò ti máa yọ́, tí á máa fa ooru kúrò lára ẹja kó tó rọ̀. Kẹ́ ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dà á pọ̀ o. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, fírísà yín ò ní lè dì í rárá, omi iyọ̀ lásán lẹ máa gbé kalẹ̀.

Màmá_Oníyìnyín (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Oníyìnyín wo ni ò mọ iyọ̀? Mo rò pé gbogbo yín mọ̀ ni. Ẹ fi okùn pupa sàmì sí ike oníyọ̀, kí ọmọdé má baà gbé e mu.

Sólà_Aláàbà

Ẹ má gbàgbé oòrùn. Òun nìkan ni epo tí a kì í rà. Panẹ́ẹ̀lì ìsinsìnyí ń sọ nǹkan bí ìdá 20 nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e di iná, ìyókù kàn ń mú un gbóná ni, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni iná ẹ̀ ń dínkù. Torí náà ẹ má kàn án lẹ̀ mọ́ páànù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ ẹ̀. Panẹ́ẹ̀lì 400W kan ní Èkó lè fún yín ní nǹkan bí yúnìtì kan àti ààbọ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má retí bẹ́ẹ̀. Fún fírísà méjì, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ínfátà láìsí panẹ́ẹ̀lì kì í ṣe orísun iná. Iná Nẹ́pà ló ń tọ́jú, ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Tí Nẹ́pà ò bá gbé e wá, kò ní nǹkan tó máa fún yín.

Kọ́ńdọ́_Òṣòdì

Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìpolówó.

Sólà_Aláàbà

Ṣé mo purọ́ ni?

Ríwáyà_Ládípọ̀

Ìyá, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fi dán ọmọ yẹn wò ò ṣòro. Ọ̀nà kìíní: kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kó wá já wáyà bátìrì. Tó bá ń ṣáájì ara ẹ̀ lóòótọ́, kí ló tún fẹ́ fi bátìrì ṣe? Ọ̀nà kejì: kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ìrọ̀lẹ́, kó gbé fírísà kan, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín di àárọ̀. Kẹ́ ẹ wo abẹ́ tábìlì ẹ̀ pẹ̀lú, bóyá wáyà kan ń lọ síbi tí kò yẹ. Dẹ́lé, kí ẹni yín ní Ìpájà náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Dẹ́lé_Agége

Mo bi í. Ó ní òun máa ń gbé bátìrì ẹ̀ lọ ṣáájì nílé ọ̀rẹ́ òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, “kó lè lágbára sí i.” Síbẹ̀, mi ò gbà pé gbogbo wọn ni jìbìtì. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú ni, wọ́n kàn nílò ìrànlọ́wọ́ ìjọba.

Tíṣà_Yábàá

Bátìrì tó ń lọ sílé ọ̀rẹ́. Redheffer ò kú rárá.

ÌyáẸlẹ́ja (Mushin)

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo pe ọmọ náà, mo ní kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kó gbé fírísà kan mọ́jú. Ó ní ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kúrò lójú òun torí àwọn tó fẹ́ jí iṣẹ́ òun wò. Mo ní kó wá sùn tì í, mo máa gbé ẹní àti ońjẹ alẹ́ fún un. Ó ní òun máa pè mí padà. Kò tíì pè.

Bàbá ọmọ ní àwọn òyìnbó ti rí i mú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti fa fírísà kúrò lára ògiri, ìpẹ́ tí mo gbá níbẹ̀ kò ṣeé sọ. Mo ti to ike oníyọ̀ sí èyí tó tóbi, ọmọ mi ló wọn iyọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: èyí tó kéré máa ń yọ omi sílẹ̀ ní ẹnu ìdérí, yìnyín á sì dì jọ ní apá ibì kan. Ṣé bátìrì náà ló ń fẹ́ ni? 😀

AC_Ìdúmọ̀tà

Rọ́bà ẹnu ìdérí ni. Atẹ́gùn gbígbóná ti ń rọ́nà wọlé níbẹ̀. Ẹ fi owó bébà kan há a láàárín, ẹ dé e, kẹ́ ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ibẹ̀ ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká gbogbo ẹnu ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rà òmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nù ún, òróró ẹja lè mú un le. Tó bá kọ̀, ẹ wọn gígùn àti ìbú ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ibi tó ti wọnú ìdérí, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí Aláàbà. Kẹ́ ẹ má lọ láìwọn ọ́n o, wọn ò ní gbà á padà.

Sólà_Aláàbà

Tẹ́ ẹ bá ti dé Aláàbà, ẹ yà sọ́dọ̀ mi.